Akíkanjú Tó Fagi Lé Ikú

Ẹ̀yin èèyàn mi, ẹ fi iṣẹ́ ọwọ́ yín sílẹ̀ díẹ̀ kí ẹ gbọ́ tèmi. Ohun tí ojú mi rí ní Sátidé tó kọjá kò ṣeé dákẹ́ sí. Ọjọ́ mẹ́ta gbáko ni mo fi ń rò ó bóyá kí n sọ ọ́ tàbí kí n má sọ ọ́, ṣùgbọ́n tí mi ò bá sọ ọ́, ikùn mi á bẹ́!

Ẹ mọ̀ pé ìyàwó kì í pe àwọn tó bá nílé ọkọ lórúkọ. Bí wọ́n ṣe tọ́ àwa nìyẹn. Kódà kó jẹ́ ọmọ tó ṣì ń tọ̀ sílé, tó bá ti wà níbẹ̀ kí o tó dé, o gbọ́dọ̀ wá orúkọ dídùn kan fún un. Nígbà tí mo dé ilé ọkọ tèmi, mo pín orúkọ yíká bí ẹni ń pín súìtì. Ẹ̀gbọ́n ọkọ mi àgbà, mo sọ ọ́ ní Akíkanjú.

Kí ló dé tí mo fi sọ ọ́ bẹ́ẹ̀? Ẹnu rẹ̀ ni! Tí ẹ bá gbọ́ ìtàn tó ń sọ, ẹ ó rò pé òun nìkan ló lé gbogbo olè kúrò ní àdúgbò wọn n'Íbàdàn. Ọdún mọ́kàndínlógún ni mo ti ń pè é bẹ́ẹ̀. Tí mo bá ti rí i lẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀ṣì wa ní District Heights lókè òkun níbí, níbi tó ti jẹ́ alága ẹgbẹ́ àwọn ọkùnrin, màá kúnlẹ̀ díẹ̀, màá ní "Akíkanjú mi!" Àyà rẹ̀ á wú, á tún táì rẹ̀ ṣe. Tí mo bá gbàgbé, á dúró síbẹ̀, á máa wúkọ́ títí n ó fi rántí.

Mo mọ̀ pé ó yẹ kí n máa lo "wọ́n" fún ẹ̀gbọ́n ọkọ mi. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi gbà á mọ́ra. Ọ̀wọ̀ tó wà lára mi ti tán ní Sátidé.

Ọmọ kan ṣoṣo ló bí, Tómi lorúkọ rẹ̀. Ọmọ náà pé ọdún méjìdínlógún, ó sì jáde ní high school nínú oṣù kan náà. Wọ́n sè, wọ́n pè wá sí ẹ̀yìnkùlé wọn ní Cheverly. Ibẹ̀ la wà tí Tómi fi sọ pé ẹ̀bùn tí òun fẹ́ kì í ṣe fóònù, kì í ṣe bàgì. Ó ní òun fẹ́ ṣe skydiving. Ẹ gbọ́ o! Wọ́n á so èèyàn mọ́ àyà òyìnbó tó mọ iṣẹ́ náà, wọ́n á gbé àwọn méjèèjì gòkè nínú ọkọ̀ òfurufú, wọ́n á ṣílẹ̀kùn, wọ́n á fò bọ́ sílẹ̀, lẹ́yìn náà ni paraṣúùtì á ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣí. Àwa tó jẹ́ pé ìbẹ̀rù ikú ló lé wa kúrò nílé!

Ìyá rẹ̀ pariwo pé Ọlọ́run má jẹ̀ẹ́.  Tómi yíjú sí bàbá rẹ̀, ó bi í bóyá ó máa bá òun lọ. Kí ọkùnrin náà tó la ẹnu, èmi ti gba ọ̀rọ̀ lẹ́nu rẹ̀. Mo ní, "Akíkanjú mi! Ẹ ò ní jẹ́ kí ọmọ yín dá fò, àbí?"

Ni gbogbo èèyàn bá pàtẹ́wọ́. Ó dìde, ó gbé ife Malta sókè, ó ní bàbá àti ọmọ jọ máa fò ni, kí àwọn tẹ́rù bá ń bà lọ máa wo ẹja.

Ẹ má rò pé àwàdà lásán ni ti ẹja yẹn o. Ó fi aquarium kún ètò ọjọ́ náà lóòótọ́, ilé ńlá tí wọ́n ń kó oríṣiríṣi ẹja sínú gíláàsì fún ìwòran ní Baltimore. Ó kọ ọ́ ránṣẹ́ sí wa lórí WhatsApp: láàárọ̀, àwọn akọni á fò, lọ́sàn-án, a ó mú àwọn ojo lọ wo ẹja. Àwọn ojo náà ni èmi àti ọkọ mi.

Ìyá Tómi kò lè wá. Nọ́ọ̀sì ni, bíi tèmi, weekend tó gbọ́dọ̀ ṣiṣẹ́ ló bọ́ sí. Ó pè mí lálẹ́ Fúráídé, ó ní kí n bá òun dúró ti Tómi. Ó ní lóṣù kẹjọ ọmọ náà ń lọ sí college ní Texas, ọjọ́ yìí lọmọ náà sì ti ń dúró dè, ọjọ́ tí òun àti bàbá rẹ̀ máa jọ lò. Mo fẹ́ kí ẹ fi ìyẹn sọ́kàn.

Ọkọ mi ló wa mọ́tò. A gbéra nílé wa ní Kettering, a gbé bàbá àti ọmọ ní Cheverly, ó di ojú ọ̀nà Route 50. Akíkanjú jókòó níwájú gẹ́gẹ́ bí àgbà, ó ń sọ bí òun ṣe máa ju ọwọ́ sí wa láti òkè. Nígbà tí a gun Bay Bridge, afárá gígùn gbọọrọ tó gba orí omi kọjá, ọ̀rọ̀ tán lẹ́nu rẹ̀. Mo na ọrùn wò ó. Ojú rẹ̀ wà ní dídì, ó fi gbogbo ọwọ́ di ilẹ̀kùn mú. Ọkọ mi bi í bóyá kò sí nǹkan. Ó ní òun ń gbàdúrà ni. Àdúrà wo lèèyàn ń gbà tí ètè kì í mì? Bí a ṣe kan ilẹ̀ lódìkejì báyìí, àdúrà parí, ìtàn tún bẹ̀rẹ̀.

A dé pápá náà. Ọkọ̀ òfurufú kékeré kan wà níbẹ̀ tí ariwo rẹ̀ ju ara rẹ̀ lọ. Ohun àkọ́kọ́ tí Akíkanjú ṣe ni pé ó yá gíláàsì ojú tí wọ́n fi ń fò, ó gbé e sí iwájú orí, ó lọ na apá méjèèjì lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọkọ̀ náà, ó ní kí Tómi ya òun ní fọ́tò. Ẹ rántí fọ́tò yẹn.

Ọ̀rọ̀ wá kan fọ́ọ̀mù. Ojú ewé méje ni. Gbogbo ohun tó wà níbẹ̀ kò ju pé o lè ṣèṣe, o lè kú, tó bá sì ṣẹlẹ̀, o ò ní pe ẹnikẹ́ni lẹ́jọ́. Tómi buwọ́ lu tirẹ̀ kí n tó rí gíláàsì mi nínú bàgì. Wọ́n mú un lọ, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í di okùn mọ́ ọn lára.

Akíkanjú gba kálámù. Ó ka ojú ewé kìíní, ó mí kanlẹ̀. Ó wá fi kálámù fagi lé ibi tí wọ́n kọ "death" sí. Ó kọ ọ́ sórí rẹ̀ pé: "Not my portion in Jesus' name." Ó ṣí ojú ewé kejì, ó tún fagi lé e. Ojú ewé méje, ikú mẹ́sàn-án, gbogbo rẹ̀ ló fagi lé, gbogbo rẹ̀ ló kọ nǹkan sí lórí!

Obìnrin tó wà nídìí tábìlì gba fọ́ọ̀mù náà, ó wò ó, ó tún wo ojú rẹ̀. Ó rọra sọ pé wọn ò lè gba èyí tí wọ́n bá ti yí padà. Ó fún un ní tuntun. Akíkanjú gbà á, ó tún fagi lé ikú mẹ́sẹ̀ẹ̀sán. Wọ́n lọ pe ọ̀gá wọn, bàbá òyìnbó onírùngbọ̀n funfun kan tó ní sùúrù. Ọ̀gá náà ní òun ti rí ẹni tó kọ̀ láti buwọ́ lu fọ́ọ̀mù, ṣùgbọ́n òun ò tíì rí ẹni tó ń bá àwọn tún un kọ.

Akíkanjú wá gbé ohùn alága jáde. Ó ní, "My friend, I am a man of faith. Mi ò lè fọwọ́ ara mi bá ikú ṣe àdéhùn. In our culture, words have power!"

Ẹ jẹ́ ká sòótọ́, èmi náà kì í fi ọ̀rọ̀ ẹnu ṣeré. Lẹ́nu iṣẹ́, tí mo bá ń bá aláìsàn kọ irú fọ́ọ̀mù bẹ́ẹ̀, mo máa ń sọ ọ́ nínú mi pé kò ní jẹ́ tèmi. Ṣùgbọ́n nígbà tí wọ́n fẹ́ ṣiṣẹ́ abẹ orúnkún fún ọkùnrin yìí lọ́dún tó kọjá ńkọ́? Èmi ni mo dúró tì í nígbà tó ń buwọ́ lùwé. Ikú wà nínú ìwé yẹn náà. Kò fagi lé ẹyọ kan! Kódà ó ní kí wọ́n ṣe kíá.

Mo wo ojú rẹ̀.  Òógùn ti yọ lókè ètè rẹ̀, atẹ́gùn òwúrọ̀ sì ń fẹ́. Iṣẹ́ mi ni kí n mọ ẹni tẹ́rù ń bà. Ta ló ní kẹ́rù má bà á? Ẹ̀rù ń ba èmi náà! Ohun tó kó mi nírìíra ni pé ó wá gbé ẹ̀rù ara rẹ̀ lé Jésù lórí.

Ọ̀gá náà ní ọkọ̀ máa gbéra láìpẹ́, ẹni tí kò bá buwọ́ lùwé kò lè wọ̀ ọ́. Ẹ gbọ́ ohun tí Akíkanjú wá sọ. Ó ní tí òun ò bá ti ní fò, ẹnikẹ́ni ò fò mọ́. Ó ní, "Tómi, bọ́ gbogbo ìyẹn sílẹ̀. We are going."

Tómi ní, "Daddy, I already signed."

Ó ní òun ni bàbá rẹ̀, kì í ṣe fọ́ọ̀mù ló bí i.  Omi kún ojú Tómi, ó bẹ̀rẹ̀ sí í wá ibi tí wọ́n ti so okùn náà.

Ara mi gbóná! Mo gbé bàgì mi fún ọkọ mi. Mo kúnlẹ̀ díẹ̀ gẹ́gẹ́ bí ìyàwó, mo ní, "Bọ̀dá, ẹ má bínú. Ẹ jẹ́ kí èmi bá a lọ dípò yín." Ọkọ mi ní ṣé orí mi pé?  Mo buwọ́ lu ojú ewé méjèèje, mo gba ikú mẹ́sẹ̀ẹ̀sán láì mí. Mo gun ìwọ̀n. Obìnrin yẹn wo nọ́ńbà náà lẹ́ẹ̀mejì, ṣùgbọ́n ó ní mo yege. Kí ni Akíkanjú fẹ́ sọ? Ìyàwó àbúrò rẹ̀ fẹ́ lọ, báwo ló ṣe máa dá ọmọ rẹ̀ dúró?

Ẹ má wá pè mí ní akọni nínú comment o. Kì í ṣe ìgboyà ni mo fi wọ ọkọ̀ yẹn. Ẹ̀gàn ni. Mo fẹ́ fò, kí n balẹ̀, kí n wojú ọkùnrin yẹn.

A gòkè, a gòkè, títí ilé fi dà bí páálí ìṣáná. Wọ́n ṣílẹ̀kùn. Tómi bojú wẹ̀yìn wò mí, ó rẹ́rìn-ín, eyín rẹ̀ funfun báláú, ó sì ti lọ! Ó wá kàn mí. Ẹ̀yin èèyàn mi, mo pe Jésù. Mo pe ìyá mi. Mo pe ọkọ mi lórúkọ tí bàbá rẹ̀ sọ ọ́, èyí tí mi ò pè láti ọjọ́ tí mo ti bímọ. Òyìnbó tó wà lẹ́yìn mi ní mò ń ṣe dáadáa. Lẹ́yìn náà, paraṣúùtì ṣí, gbogbo ayé sì dákẹ́ rọ́rọ́. Mo rí omi, mo rí oko àgbàdo. Mi ò ní purọ́, ó dára.

Láti òkè yẹn ni mo ti rí i tí Tómi balẹ̀. Mo sì rí ọkùnrin kan tó ń sáré bọ̀ láti ibi tí wọ́n ní kí àwọn tó wá wòran dúró sí. Ẹnìkan ń pè é padà, kò gbọ́. Ó fo fẹ́ǹsì, bàtà ẹsẹ̀ kan bọ́, ó fi ìbọ̀sẹ̀ sáré lọ dì mọ́ Tómi àti òyìnbó tí wọ́n so ó mọ́, wọn ò tíì tú wọn. Akíkanjú mà ni! Mo rẹ́rìn-ín lókè níbẹ̀. Fẹ́ǹsì tí kò ga ju orúnkún lọ, ìyẹn nìkan ló fò lọ́jọ́ náà.

Èmi náà balẹ̀, ìdí ni mo fi balẹ̀, mo fà gbọọrọ lórí koríko. Wọn ò tíì tú mi tán tí mo ti ń yí ọrùn kiri. Akíkanjú dà? Mo rí i. Mo tẹjú mọ́ ọn. Ó wolẹ̀. Ẹ ò mọ bó ṣe dùn mọ́ mi tó!

A kọjá sí Baltimore. Òun àti Tómi jókòó sẹ́yìn, Tómi ń sọ bó ṣe rí fún un wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́. Èmi wà níwájú, mò ń sọ fún ọkọ mi lóhùn òkè pé kò sí nǹkan kan níbẹ̀, ọmọdé gan-an lè ṣe é.

Ẹ wá wo ọkùnrin tí ara rẹ̀ balẹ̀ nígbà tí a dé ọ̀dọ̀ ẹja! Ó dúró níwájú gíláàsì àwọn ẹja ekurá tí òyìnbó ń pè ní shark, ó ń ka ohun tí wọ́n kọ sára ògiri fún wa bí ẹni pé òun ló sìn wọ́n dàgbà. Ibẹ̀ ni fóònù mi ti dún. WhatsApp ṣọ́ọ̀ṣì ni. Fọ́tò àárọ̀ yẹn ni, apá nínà, gíláàsì níwájú orí. Ó kọ ọ́ sábẹ́ rẹ̀ pé: "Ọlọ́run tó gbé wa gòkè náà ló sọ̀ wá kalẹ̀ láyọ̀. We did it!" Àwọn èèyàn sì ti ń kí i: Akíkanjú! Alága wa! Daddy our daddy!

Mo na fóònù sí ọkọ mi. Ó ní kí n fi sílẹ̀, ẹ̀gbọ́n òun ni. Fi kí ni sílẹ̀?

Kò tíì pẹ́ tí Ìyá Tómi fi pe ọkọ rẹ̀ lórí fídíò. Ó wà lórí break, aṣọ iṣẹ́ ṣì wà lọ́rùn rẹ̀, ó ti rí fọ́tò náà. Ó ń pariwo pé, "Ẹ kú oríire o! Báwo ló ṣe rí lókè? Ẹ̀rù ò bà yín?" Akíkanjú gbójú kúrò lára fóònù. Ó wò mí. Èmi náà wò ó. Láti Bay Bridge ni mo ti ń to ọ̀rọ̀ tí mo máa sọ jọ. Mo sún mọ́ fóònù, mo ní, "Ìyá Tómi, ẹ bi wọ́n dáadáa o..."

Tómi gba fóònù náà lọ́wọ́ bàbá rẹ̀. Ó ní, "Mummy, Daddy was right there when I landed. He was the first person I saw." Ó bá ìyá rẹ̀ sọ̀rọ̀ díẹ̀, ó dá fóònù padà, ó kọjá lọ sí yàrá kejì, níbi tí àwọn ẹja rọ̀bọ̀tọ̀ tí kò ní egungun ti ń léfòó nínú iná aláwọ̀ búlúù.

Mo tẹ̀ lé e. Mo bi í pé kí ló dé tó fi ń bo bàbá rẹ̀ láṣìírí. Òyìnbó ló fi dá mi lóhùn, ó sì rọra sọ ọ́. Ó ní òun ò bẹ bàbá òun pé kó fò rí. Láti kékeré ni òun ti mọ̀ pé kì í lè gun àkàbà láti pààrọ̀ gílóòbù, ìyá òun ló ń gùn ún. Ó ní ohun tí òun fẹ́ ni kó bá òun dé ibẹ̀, kó dúró nísàlẹ̀, kó jẹ́ ojú rẹ̀ ni òun máa kọ́kọ́ rí. Ó ní, "It was you, Auntie. You called him that name and everybody clapped. Kí ni kí wọ́n sọ?"

Mo fẹ́ fèsì. Kò tíì parí.

Ó ní nígbà tí mo balẹ̀, òun sáré wá láti dì mọ́ mi. Ó ní mi ò tiẹ̀ rí òun. Mo na ọrùn kọjá èjìká òun, mò ń wá bàbá òun.

Ẹ padà sókè, ẹ lọ ka ibi tí mo ti sọ bí mo ṣe balẹ̀. Mo sọ ti ìdí mi, mo sọ ti koríko, mo sọ ojú ẹni tí mò ń wá. Ṣé ẹ rí Tómi níbẹ̀? Ọmọ tí ìyá rẹ̀ ní kí n dúró tì.

A gbéra padà sílé. Kí a tó dé Cheverly, mo ṣí WhatsApp, fọ́tò yẹn ti kúrò. Fọ́tò Tómi ló wà níbẹ̀ báyìí, níbi tó ti ń balẹ̀, ẹsẹ̀ rẹ̀ lókè. Bàbá rẹ̀ kọ ọ́ sábẹ́ rẹ̀ pé ọmọ òun ló fò.

Ẹ má rò pé mo ti gbàgbé o. Ọ̀rọ̀ fọ́ọ̀mù yẹn ṣì ń rí mi lára, bó sì ṣe fẹ́ gba ọjọ́ náà lọ́wọ́ ọmọ rẹ̀ ṣì ń dùn mí. Ṣùgbọ́n ta ló fi ọdún mọ́kàndínlógún kọ́ ọ pé kò gbọ́dọ̀ bẹ̀rù? A máa ń rò pé orúkọ dídùn kò lè pa èèyàn lára. Orúkọ tí a fi ń yẹ́ ẹlòmíì sí lè di ẹrù sí i lórí, kó má sì mọ bó ṣe máa sọ̀ ọ́ kalẹ̀ lójú àwùjọ.

Ẹ̀yin ńkọ́? Orúkọ wo ni wọ́n fún yín nílé ọkọ, nílé ìyàwó, ní ṣọ́ọ̀ṣì, tí ẹ ò lè bọ́ kúrò nínú rẹ̀? Ta lẹ̀yin náà ti sọ lórúkọ tó ju agbára rẹ̀ lọ? Ẹ kọ ọ́ sísàlẹ̀ fún mi, mò ń kà á.

Nígbà tí ẹ̀gbọ́n ọkọ mi sọ̀ kalẹ̀ ní Cheverly, wọ́n dúró lẹ́nu ọ̀nà, wọ́n wúkọ́. Mo mọ ohun tí wọ́n ń dúró dè. Mo kúnlẹ̀ díẹ̀, mo ní, "Bàbá Tómi, ẹ kú ìrìn o."  Àyà wọn ò wú. Wọ́n ní, "O ṣé, ìyàwó," wọ́n sì fọwọ́ lé ọmọ wọn léjìká, wọ́n jọ wọlé.